Gíláàsì Màámi

Fóònù tún dún. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ kò tíì wo ojú rẹ̀ tó fi mọ ẹni tó ń pè, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó máa pe ènìyàn, tí yóò gé e bí a kò bá tètè gbé e, tí yóò sì tún pè padà kí ọwọ́ ènìyàn tó dé àpò. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó sì mí kanlẹ̀ kó tó fọhùn.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Màámi."

"Ṣé wọ́n ti rí mi?"

"Wọn ò tíì rí yín mà. Mo ti ní tí wọ́n bá ti rí i, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ pè."

"Kí ni wọ́n wá ń wò láti àná? Ṣebí ẹ̀rọ lẹ ní ó ń wò ó. Àbí ẹ̀rọ náà ti lọ jẹun ni?"

"Kò tíì kan ẹ̀rọ, Màámi. Wọ́n ṣì ń fọ gíláàsì yín lọ́wọ́. Ọmọ yín ló ń fọ̀ ọ́."

"Ọmọ mi ló ń fọ̀ ọ́." Ohùn obìnrin náà rọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Kó má kánjú o. Ìwọ ni kó o kánjú."

Ó gé e. Ọmọ á fọ gíláàsì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n á ní kó má kánjú. Aya ọmọ á ṣe tirẹ̀ wàrà-wàrà, wọ́n á ní ó ń fi falẹ̀. Bí ayé ìyá ọkọ ṣe rí nìyẹn, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo yàrá àyẹ̀wò ń pe ọkọ rẹ̀, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í yára. Bí iná bá ń jó ilé, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ jókòó so okùn bàtà rẹ̀ dáadáa ná. Wọ́n wá ń pe obìnrin náà ní Ìyàwó Jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó bá jẹ́jẹ́ tan. Ọ̀rọ̀ a máa yára jáde lẹ́nu rẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Bí inú rẹ̀ bá dùn, "o" ló fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹlẹgbẹ́; ìgbà tó bá bínú tán ló máa ń pè é ní "ẹ", tí ọ̀wọ̀ á pọ̀ débi pé ara ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì so pọ̀ ju bí ó ti yẹ kí iṣẹ́ tọkọtaya so pọ̀ lọ. Ọkọ ló ń fọ gíláàsì. Ìyàwó ló ń ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Gíláàsì náà kò ju ìka àárín lọ ní gígùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ̀rọ to ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì róbótó sórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà, wínníwínní tí ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú àmì kọ̀ọ̀kan, ègé DNA ti jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ tí ara ń tẹ̀lé, ló wà níbẹ̀. Wọ́n á mú ẹran díẹ̀ lára kókó tí wọ́n yọ lára aláìsàn, wọ́n á fa ohun tí wọ́n ń wá jáde nínú rẹ̀, wọ́n á pa á láró tó ń tàn, wọ́n á sì dà á sórí gíláàsì. Jíìnì tó bá jí nínú ẹran náà, àmì tirẹ̀ á pọ́n. Èyí tó bá sùn, tirẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn èyí ni gíláàsì á wọ inú ẹ̀rọ ayàwòrán, tí àwòrán rẹ̀ á sì hàn lójú kọ̀ǹpútà.

Ojú ènìyàn ni wọ́n fi ń ka àwòrán yẹn tẹ́lẹ̀. Oníkálùkù á ta àwọ̀n onílà sórí rẹ̀, á sì máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan á fi bọ́ sórí àmì kan. Ìjà kì í tán níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí jíìnì kan pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ á ti fa àwọ̀n náà díẹ̀ síbi tó pọ́n kó tó mọ̀. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ló jókòó ti ètò kọ̀ǹpútà kan títí tó fi lè ta àwọ̀n fúnra rẹ̀, tó mọ eruku yàtọ̀ sí àmì, tó sì ń ka gbogbo rẹ̀ kí ènìyàn tó mu omi tán nínú ife. Jẹ́jẹ́ ní àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn, pé àwọn ọmọ méjì tó wà nílé kàn tẹ̀lé e wá ni. Nígbà tí ètò náà dúró tán, obìnrin náà ṣe òfin kan: ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kan àwọ̀n mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí àwòrán kó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà ni kí wọ́n máa wò. Òfin náà dùn mọ́ ọ̀gá débi pé ó ń kà á fún àlejò.

Kókó tí wọ́n yọ lára ọmú Màámi ló wà nídìí gbogbo ìpè orí fóònù yìí. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú ọgbẹ́ sì ti ń jiná, ṣùgbọ́n dókítà ní ó ku ìbéèrè kan. Ṣé ti Màámi jẹ́ irú èyí tó máa ń tán síbẹ̀ bí wọ́n bá ti yọ ọ́, tó jẹ́ pé oògùn oníhóró ti tó fún un? Àbí irú èyí tó máa ń sá pamọ́ sínú ara, tó ń padà wá pa ènìyàn, tó jẹ́ pé oògùn olómi líle nì tí wọ́n ń fà sínú iṣan ló lè dá a dúró? Àwọn jíìnì kan wà tí wọ́n mọ ìdáhùn rẹ̀, gíláàsì sì ni wọ́n fi ń bi wọ́n léèrè.

Màámi kò fẹ́ rí oògùn líle yẹn sójú. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nígbà tí wọ́n ń fà á fún un. Ó rí bí irun ṣe ń bọ́ sórí ìrọ̀rí, ó rí bí èébì ṣe sọ àgbà obìnrin di ẹni tí wọ́n ń gbé bí ọmọ, ó sì rí i pé ó kú náà ni níkẹyìn. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màámi. Bó bá ti sọ̀rọ̀, àríyànjiyàn ti parí nìyẹn. Ó wí fún dókítà lójú gbogbo wọn pé, "Tí gíláàsì àwọn ọmọ mi bá ní kí n gbà á, màá gbà á. Tí kò bá ní bẹ́ẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú." Báyìí ni ẹ̀mí ìyá ọkọ ṣe bọ́ sọ́wọ́ ètò tí aya ọmọ kọ. Ọ̀rọ̀ di adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ní ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ fọ gíláàsì náà tán, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró nídìí ẹ̀rọ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó.

"Ẹ káàbọ̀ sà," ó wí. "Ẹ kú ìrìn. Ṣé ọ̀nà jìn ni?"

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ̀wọ̀ náà, ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó ti gíláàsì bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó fa àga, ó jókòó, ó sì pa ojú dé. Ẹ̀rọ náà kùn, ó kùn, ó dákẹ́. Ètò ta àwọ̀n rẹ̀, ó ka àmì, ó ní àwòrán náà dára, kò lábùkù. Lẹ́yìn náà ni èsì hàn: ewu kò pọ̀, oògùn oníhóró ti tó.

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Nígbà tó yíjú padà, ọkọ rẹ̀ ti kúrò lórí àga, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó gbàgbé pé òun ń bínú. Ó tẹ Màámi láago.

"Wọ́n ti rí yín, Màámi. Kò le. Oògùn oníhóró ni."

Ìyá náà ní, "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Sọ fún ọmọ mi pé ó káre."

"Èmi ńkọ́ mà?"

"Ìwọ náà gbìyànjú."

Ènìyàn á rò pé ó ti parí. Ènìyàn tó bá rò bẹ́ẹ̀ kò mọ Màámi. Ní ọjọ́ kejì ni fóònù tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun ló sì gbé dé. Màámi fẹ́ lọ lo àsìkò díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ìlú mìíràn, àbúrò náà kò sì gbà pé ara rẹ̀ ti dá. Nítorí náà, ó fẹ́ fọ́tò.

"Fọ́tò kí ni, Màámi?"

"Fọ́tò mi. Ṣebí wọ́n ní ẹ̀rọ ya àwòrán mi. Ẹni tó bá lọ sílé oní-fọ́tò, wọn kì í fún un ní tiẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe irú fọ́tò tẹ́ ẹ ń rò mà. Àmì wínníwínní lásán ni."

"Àmì ta ni?"

"Tiyín ni mà."

"Ó dáa. Fún mi ní àmì mi."

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé òfin wà, pé àwọn kì í ṣí àwòrán mọ́, pé nọ́ńbà nìkan ni. Màámi bi í pé ta ló ṣe òfin. Ó ní òun ni. Màámi ní, "Ṣó o wá rí i? Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ló ní kọ́kọ́rọ́." Ó pè láàárọ̀, ó pè nígbà tí wọ́n ń ṣèpàdé, ó pè nígbà tí obìnrin náà wà ní ilé ìyàgbẹ́. Ó pe Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́ sì wá ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ló dé tí kò lè tẹ àwòrán kan ṣoṣo jáde fún àgbàlagbà, èyí tó mú kí wọ́n padà sí "ẹ" àti "sà" títí di alẹ́. Nígbà tí ó sú u pátápátá, tí orí ń fọ́ ọ, ó wí fún ara rẹ̀ pé ìfẹ́ ọkàn olórí kunkun ni kí ènìyàn tètè ṣe kó lè sinmi. Ó wọ ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àwòrán sí, ó wá tìyá ọkọ rẹ̀, ó sì ṣí i.

Ó wò ó. Ó fa àga mọ́ra, ó tún wò ó.

Àwọn àmì wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà, pupa àti àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè láàárín wọn, ó tilẹ̀ dára lójú. Ṣùgbọ́n lókè gbogbo wọn, níbi tó yẹ kó ṣókùnkùn bí inú ihò, ọ̀rọ̀ kan ń tàn yòò. Ó pọ́n ju ohunkóhun tó wà lórí gíláàsì náà lọ. Ìkọ̀wé ọwọ́ ni. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ dúró gbọn-in, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú sùúrù, ó hàn pé ẹni tó kọ ọ́ kò kánjú rárá. MÀÁMI ni wọ́n kọ.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lórí gbogbo gíláàsì, ìlà tó ṣíwájú máa ń tàn ju àwọn yòókù lọ. Ìlà olórí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ kí ètò lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ètò pé ohun àkọ́kọ́ tó bá tàn lókè, ìlà olórí nìyẹn. Ètò ti mú ìkọ̀wé yìí fún ìlà olórí. Ó wá fi ìlà olórí gangan ṣe ìlà tó tẹ̀lé e, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀. Gbogbo jíìnì tó wà lára Màámi ló ti gba èsì aládùúgbò rẹ̀. Ètò kò sì fura, ó ní àwòrán náà kò lábùkù. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, òun ló fi òfin lélẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wo èèkù.

Ó pe ọkọ rẹ̀ wá. Lára ògiri tí Jẹ́jẹ́ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwé kan wà tí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn: TÀDÁWÀ KÒ GBỌDỌ̀ KAN GÍLÁÀSÌ. Ìdí ni pé tàdáwà a máa tàn nínú ẹ̀rọ ju àró lọ. Abẹ́rẹ́ irin ni wọ́n fi ń ha nọ́ńbà aláìsàn sí ẹ̀yìn gíláàsì. Jẹ́jẹ́ ti torí òfin yìí bá ọ̀gá pàápàá wí rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ìyàwó rẹ̀ wí, ó na ìka sí àwòrán náà. "Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn."

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ojú rẹ̀ fò lọ síbẹ̀, ó kúrò, ó tún padà.

"Ta ló kọ ọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri."

"Gíláàsì pọ̀ nínú abọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ máa dá tiẹ̀ mọ̀ láàárín wọn. Máàkà pupa ni mo fi kọ ọ́. Mo sì nù ún kúrò kí n tó gbé e wá, mo wò ó títí, n ò rí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́."

"Ojú yín lẹ fi wò ó. Ẹ̀rọ kì í ṣe ojú yín. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ha á síbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé nọ́ńbà wà níbẹ̀," Jẹ́jẹ́ ní. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "N ò kàn fẹ́ kó jẹ́ nọ́ńbà."

Obìnrin náà ti ṣètò èébú rẹ̀ sílẹ̀, ó ti tò wọ́n lẹ́nu, kò sì rí èyí tó máa lò mọ́. Ìyẹn gan-an tún wá bí i nínú. Èwo ni kí ènìyàn bínú, kí wọ́n má sì jẹ́ kó bínú dé ìdí? Ó ní kí ó jókòó. Ó na ọwọ́ sí àwọ̀n tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, ó sì fà á sọ̀kalẹ̀ ní ìlà kan. Ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí àmì tirẹ̀. Ó ní kí ètò tún un kà.

Ewu pọ̀.

Jẹ́jẹ́ dìde, ó ní ó ṣì ku díẹ̀ nínú ẹran tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́, pé òun á fọ gíláàsì mìíràn. Ó fọ̀ ọ́. Kò kọ nǹkan kan sára rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tún ètò náà ṣe, ó kọ́ ọ kí ó máa wò bóyá ohun tó ń tàn jẹ́ àmì róbótó tòótọ́ kó tó pè é ní ìlà olórí, ó sì ṣí àwòrán gbogbo aláìsàn tó ti kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wá bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Kò rí òmíràn. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ká má ṣí àwòrán?" Ó ní, "Èmi ni sà." Ọ̀gá sì lọ. Gíláàsì kejì jáde, ó sọ ohun kan náà tí àkọ́kọ́ sọ lẹ́yìn tí wọ́n tún àwọ̀n ṣe. Dókítà ní òun á pe Màámi. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ débẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé Màámi ti ní gíláàsì kan tó sọ ohun tó fẹ́ gbọ́, kò sì sí dókítà tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Báàgì ni wọ́n kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti dì í, ó ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Màámi jókòó lórí àga onírọ̀rí nítòsí fèrèsé, ó wọ aṣọ tó ti lọ̀, ó sì ń wo ọwọ́ wọn.

"Fọ́tò mi dà?"

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màámi, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà o. Kò fi bẹ́ẹ̀ le. Wọ́n kàn fẹ́ tún..."

"Ó le, Màámi," ìyàwó rẹ̀ ní.

Jẹ́jẹ́ wo ìyàwó rẹ̀. Màámi náà wò ó.

"Èsì tá a sọ fún yín kì í ṣe tiyín. Aṣìṣe ni. Oògùn líle yẹn lẹ nílò."

Màámi gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Ẹ̀rọ tó purọ́ fún mi lánàá lẹ fẹ́ kí n gbà gbọ́ lónìí."

"Ẹ̀rọ ò purọ́ mà. Ibi tí kò yẹ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà." Ó jókòó sórí àpótí tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ ti kọ máàkì àwọn ọmọ iléèwé sílẹ̀ rí. Tẹ́ ẹ bá fi ìlà kan fò, tẹ́ ẹ wá kọ máàkì ẹni àkọ́kọ́ síwájú ẹnìkejì, tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo máàkì náà ló jẹ́ òótọ́. Kò kàn sí ọmọ tó gba tiẹ̀."

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí," Màámi ní. "Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ló ṣe ipò kìíní. Bàbá ẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ló mú un fo ìlà?"

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Ó ti rò ó lójú ọ̀nà, ó ti pinnu pé òun á ní ètò òun ló kùnà, nítorí òótọ́ ni, ó kùnà, kò sì sí ìdí tí ìyá fi ní láti gbọ́ ìyókù. Jẹ́jẹ́ ló ṣáájú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Jẹ́jẹ́ yára.

"Èmi ni. Mo kọ Màámi sára gíláàsì náà. Ìkọ̀wé mi ni ẹ̀rọ ń kà."

Màámi wo orí ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ ba níwájú rẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, kò sì fọwọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ̀ ló yíjú sí.

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan fún ẹ. Ká ní òun nìkan ló wá, ǹ bá ní kó gbé báàgì mi dé ibùdókọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ, ọmọ mi yìí ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé ara wọn ti ń yá. Ó mọ̀ pé kò yá. Inú rere ló fi ń ṣe é, n ò bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, n kì í gba ìròyìn lẹ́nu ẹ̀ mọ́." Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe lórúnkún. "Ìwọ, láti ọjọ́ tó o ti wọ ilé wa, mi ò rántí ohun kan tó o sọ tó dùn mọ́ mi nínú. Aṣọ tí mo rán nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, o ní kò bá mi mu."

"Kò bá yín mu ni mà."

"Mo mọ̀. Gbogbo àwọn yòókù ní ó bá mi mu, mo sì wọ̀ ọ́ jáde." Ó wò ó lójú. "Ṣé oògùn yẹn máa pa mí bó ṣe pa ẹ̀gbọ́n mi?"

"Oògùn kọ́ ló pa wọ́n, Màámi. Àìsàn náà ni. Ṣùgbọ́n n ò lè ṣèlérí fún yín."

"Tí n ò bá gbà á ńkọ́?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa ń yára jáde lẹ́nu obìnrin náà dúró. Ó ní láti fi ipá tì í jáde. "Ó máa padà. Ohun tí gíláàsì sọ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì fi ojú ara mi wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi."

Kò tíì sọ irú rẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ rí. Ìyá náà gbọ́ ọ, ó sì mi orí bí olùkọ́ tí ọmọ kan ti dá lóhùn bó ti yẹ.

"Ta ló máa jókòó tì mí níbẹ̀?"

"Èmi ni, Màámi," Jẹ́jẹ́ ní láti ilẹ̀.

"Ìwọ kọ́. O máa wá máa sunkún sí mi lára, èmi tí wọ́n ń fa oògùn fún ni màá tún máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyàwó ni kó wá."

"A máa jà, Màámi," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Tí a ò bá jà, kí la fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ Ajé, láàárọ̀."

"Kó o tètè wá mú mi. O máa ń pẹ́."

"N kì í pẹ́ mà."

"O máa ń pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, o pẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ò tíì múra tán lọ́jọ́ yẹn, Màámi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí."

"O dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé o ti pẹ́, ẹ̀rù ń bà ẹ́ láti wọlé."

Wọ́n ń jiyàn náà lọ, ohùn àwọn méjèèjì ń gbọ̀n díẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ẹnìkejì gbọ́ ọ. Jẹ́jẹ́ dìde nílẹ̀, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé báàgì ìyá rẹ̀ padà sínú yàrá.